“MO SÀN JU ALÁDÙÚGBÒ MI LỌ”: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ INÁ TÍ OLÚKÚLÙKÙ Ń DÁ TÀN

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ iná ni. Kò sí ilé tí kì í dáná, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, a kò sì rò pé oníṣòwò kan wà, láti Ìdúmọ̀tà ní Èkó títí dé Gbági ní Ìbàdàn, tí kò mọ̀ pé owó iná wà lára àwọn ohun tí ń jẹ èrè òun mọ́ òun lọ́wọ́.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà yín kí ẹ sì dẹ etí sílẹ̀. Ní òpópó tí àwa ń gbé, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná mànàmáná kò sí, a fara balẹ̀ ka àwọn ẹ̀rọ amúnáwá tí ń dún. Mọ́kànlá ni wọ́n, láàárín ilé mẹ́rìnlá. Ọ̀kan ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta, èkejì ń wúkọ́ bí arúgbó, ẹ̀kẹta ń tú èéfín sí ojú fèrèsé ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ẹ̀yin pẹ̀lú mọ orúkọ tí àwọn ènìyàn sọ èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ní àdàmọ̀dì èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní ìgboro, ìtumọ̀ orúkọ náà ni “Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ”. Ẹ̀fẹ̀ ni ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, orúkọ yìí sì bá ilé wa mu rẹ́gí. Àìsàn tí ń ṣe wá nínú ọ̀rọ̀ iná ni ó wà nínú rẹ̀: olúkúlùkù ń tan tirẹ̀, olúkúlùkù ń san tirẹ̀, gbogbo wa sì jùmọ̀ ń fa èéfín rẹ̀ símú.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Òun ni pé iná tí ènìyàn bá dá tàn ni ó wọ́n jù lọ nínú gbogbo iná; iná tí a bá jùmọ̀ tàn ni owó rẹ̀ máa ń mọ níwọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní àyè kí a fi ìdí rẹ̀ hàn.

Agbára tí a ń lò pọ̀ ní oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n bí a bá tọ orísun wọn lọ, a óò rí i pé ìdílé kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Oòrùn ni baba wọn. Igi tí a fi ń dáná, oòrùn ni ó fi dàgbà. Epo pupa tí àwọn baba wa ń dà sínú fìtílà, ara ọ̀pẹ tí ó mu oòrùn yó ni a ti fún un. Èédú inú ilẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí wà ní Enugu ní nǹkan bí ọdún 1915, igi àti ewéko ayé àtijọ́ ni, tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún àìmọye ọdún. Epo rọ̀bì tí a rí ní Oloibiri ní ọdún 1956, òkú àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú omi àtijọ́ ni ó dì í. Omi Odò Ọya tí ń yí ẹ̀rọ ní Kainji pẹ̀lú, oòrùn ni ó fà á sókè láti inú òkun kí ó tó di òjò tí ó rọ̀ sórí òkè. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pariwo agbára oòrùn bí ohun tuntun, kí a mọ̀ pé oòrùn náà ni a ti ń lò láti ìgbà ìwáṣẹ̀; ọ̀nà tí a ń gbà lò ó ni ó yí padà.

Òfin kan sì wà tí kò mọ ojú ọba, tí kò mọ ojú tálákà. Agbára kì í ti inú òfo wá, kì í sì í parun. A kàn ń yí i láti ipò kan sí òmíràn ni. Nígbàkígbà tí a bá sì yí i, apá kan nínú rẹ̀ yóò ṣòfò, yóò di ooru tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹ̀yin oníṣòwò fi òfin yìí sí ọkàn, nítorí pé òun ni yóò fi hàn wá níbi tí owó wa ń bá lọ.

Ní ilé ìdáná, igi àti èédú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣì ń lò. Àwọn tí ó ti kúrò níbẹ̀ lọ sí kẹrosíìnì, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ lọ sí gáàsì, owó ń lé díẹ̀ nínú wọn padà sí ìdí èédú. A kò lè bú wọn, ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa jẹ pé èédú rọjú. Igi tí a fi sun ún ní Òkè-Ògùn, igi èmi tí ń so òrí wà nínú wọn, kì í hù padà ní ọdún kan tàbí méjì. Èéfín rẹ̀ pẹ̀lú ní iye tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín tí a ń fà símú nínú ilé pa tó 3,200,000 ènìyàn káàkiri ayé. Àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ tí kì í jìnnà sí ẹ̀bá àdògán ni ó sì ń jìyà rẹ̀ jù. Ohun ìtìjú ni pé ní orílẹ̀-èdè kan náà tí àwọn ìyá ti ń ṣomi lójú nídìí igi tútù, ni a ti ń jó gáàsì dànù lójú ọ̀run níbi tí a ti ń wa epo. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tí ó ń jó o dànù jù lọ ní ayé. Iná tí kò se ọbẹ̀, iná tí kò tan fìtílà: ta ni ó ń jẹ èrè rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ wa. Àwọn àgbà tí wọ́n dàgbà nínú agbo ilé yóò rántí pé kì í ṣe gbogbo ìdí àdògán ni a ti ń ṣáná ní òwúrọ̀. Ẹni kan a tètè jí, a fẹ́ iná rẹ̀ títí yóò fi ràn. Àwọn yòókù a rán ọmọ wọn ní àpáàdì, ọmọ a lọ kí ìyá náà, a sì ko ògúnná méjì tàbí mẹ́ta padà sílé. Iná ẹni tí ó fún ni kò dín, ilé ẹni tí ó gbà sì móoru. Kò sí ẹni tí ó sọ iná tirẹ̀ ní “Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ”. Àwa kò sọ pé kí a padà sí ìdí àpáàdì. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ sọ nù.

Nígbà tí iná mànàmáná dé sí ilẹ̀ yìí, àjọtàn ni a fi ṣe láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1896 ni a kọ́kọ́ tàn án ní Èkó, ọdún 15 lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tàn án ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1929, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ń fi omi ìṣàn òkè ṣe iná fún àwọn tí ń wa tánńganran ní agbègbè Jos. Ní ọdún 1950 ni a ṣe òfin tí ó da gbogbo iná ìlú pọ̀ sí abẹ́ àjọ kan. A bẹ̀rẹ̀ sí sé Odò Ọya ní Kainji ní ọdún 1964, a sì ṣí i ní ọdún 1969, pẹ̀lú ìrètí pé òkùnkùn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1985 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí tan iná láti Egbin ní etí ọ̀sà Èkó, ẹ̀rọ mẹ́fà tí gáàsì ń mú ṣiṣẹ́, agbára wọn jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáàtì bí gbogbo wọn bá pé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́.

Kí ni a rí lẹ́yìn gbogbo èyí? Ní ọdún 2024, iná tí a ń pín kiri gbogbo orílẹ̀-èdè, fún ènìyàn tí ó ju 200,000,000 lọ, kì í sábà ju 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì. South Africa, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta tiwa, ń lò ju ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ lọ. Ní ọdún kan náà ni okùn iná àpapọ̀ já lulẹ̀ léraléra, tí gbogbo ìlú ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A kò ní bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀: ẹ̀bi àwọn tí ó jẹ oyè ni, láti ìran dé ìran. Ẹni tí ó gba owó iná tí kò mú iná wá, ajẹgbèsè ni, bí ó ti wù kí ọ́fíìsì rẹ̀ dára tó. Ṣùgbọ́n a ti kọ èyí lọ́pọ̀ ìgbà, a óò sì tún máa kọ ọ́. Lónìí, ara wa ni a fẹ́ bá wí.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mú pẹ́ńsù. Ohun tí a ń pè ní ẹyọ kan lórí mítà, òun ni agbára tí áyọ́ọ̀nù oní-1,000 wáàtì yóò lò fún wákàtí kan, tàbí tí gílóòbù ìgbàlódé oní-10 wáàtì yóò lò fún 100 wákàtí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, a gbé owó ẹyọ kan sí 225 náírà fún àwọn tí a ṣèlérí 20 wákàtí iná lójúmọ́ fún. Gbogbo ìlú pariwo, ó sì yẹ kí wọ́n pariwo. Ẹ wá wo ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù yín. Nínú ìdá mẹ́wàá agbára tí ń bẹ nínú epo bẹntiróòlù, ìdá kan tàbí ó lé díẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré ń sọ di iná. Ìyókù di ooru, ariwo àti èéfín. Lítà kan kì í mú jù ẹyọ kan sí ẹyọ kan àti ààbọ̀ wá. Ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà kan kò tó 200 náírà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Nítorí náà, ní ọdún 2024 yẹn, ẹni tí ó ń sunkún 225 náírà ní ojú ọ̀nà, ó ń san 700 sí 1,000 náírà ní kọ̀rọ̀, láìka owó ẹ̀rọ, owó ọ́ìlì, owó púlọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì.

Èyí tí ó burú jù ni pé ẹ̀rọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bóyá iṣẹ́ pọ̀ tàbí kò pọ̀. Bí gílóòbù méjì ni ẹ tàn, yóò máa mu epo bí ẹni pé ilé ńlá ni ó ń tàn. Ẹ jẹ́ kí a mú ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá tí ó tò tẹ̀lé ara wọn: aránṣọ, onígbàjámọ̀, ẹni tí ń tún fóònù ṣe, ìyá tí ń ta ẹja inú yìnyín, àti irú wọn. Kí a sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sun lítà mẹ́ta lójúmọ́. Ní 1,000 náírà fún lítà kan, ó di 30,000 náírà lójúmọ́ fún àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, 780,000 náírà fún ọjọ́ iṣẹ́ 26 nínú oṣù, àti 9,360,000 náírà ní ọdún. Iná tí wọ́n lò ní tòótọ́ lè má ju ẹyọ méjì lọ fún ṣọ́ọ̀bù kan lójúmọ́, ogún ẹyọ fún gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ra ogún ẹyọ yìí ní 225 náírà, 4,500 náírà ni lójúmọ́, kò sì ní ju 1,404,000 náírà lọ ní ọdún. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye méjèèjì ju 7,900,000 náírà lọ. Owó yìí kò wọ inú àpótí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Afẹ́fẹ́ ni ó gbé e lọ.

Ṣé owó nìkan ni? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tíráńsífọ́mà òpópó wa jó. A kọ̀wé sí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n ní kí a ṣe sùúrù. A pe ìpàdé. Baálé ilé kan ní kí a dá owó jọ kí a sì tún un ṣe. Òmíràn dìde, ó ní iṣẹ́ àwọn tí ń gba owó iná ni, a kò gbọdọ̀ fi owó ara wa tún ohun ìní ẹlòmíràn ṣe. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò tan iná fún wa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a pàdé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a fi ìbínú tú ká. Lẹ́yìn ìpàdé kẹta ni ẹni tí ó wà ní igun òpópó lọ ra ẹ̀rọ tirẹ̀. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ẹ̀rọ mẹ́sàn-án ti wọ òpópó. A kò ní purọ́: àwa náà wà nínú wọn, ẹ̀kẹrin ni tiwa. Láti ọjọ́ tí a ti ra ẹ̀rọ, kò sí ẹni tí ó tún ránti ìpàdé mọ́. Ẹni tí ó ní ìmọ́lẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ kì í rí òkùnkùn òpópó. Oṣù 14 ni a fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù 14 náà, ọmọ iṣẹ́ aránṣọ kan ń ṣe aṣọ ìyàwó tí wọn yóò gbà ní òwúrọ̀. Òjò ń rọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí omi má ba à wọ inú rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn tí ń jáde láti inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní májèlé kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Kì í fún ènìyàn lọ́rùn, kì í ta á lójú. Oorun ni ó máa ń kùn ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì gba májèlé náà ní ipò afẹ́fẹ́ rere. Ọmọ náà sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ òun, òun lu ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Aládùúgbò rẹ̀ wà ní ìhà kejì ògiri náà, kò sùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti aládùúgbò ń dún, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìyá kan tí ó jí láti lọ sí ọjà ni ó rí i pé iná ń tàn, tí kò sì sí ẹni tí ó dáhùn. Ó ké, a já ilẹ̀kùn, a gbé ọmọ náà jáde. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò rí irú ìyọnu bẹ́ẹ̀, tí a bá gbogbo wọn lórí ibùsùn ní òwúrọ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sí orí òrùlé sùn. A fi kún un pé a kì í fi ẹ̀rọ amúnáwá sí inú ilé sùn, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, bí olè tilẹ̀ ń jà.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni ojú tì wá. A pe ìpàdé kẹrin, a dá owó jọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iná sì padà. Iye tí ilé kọ̀ọ̀kan dá kò tó owó epo tí ó ti sun nínú oṣù mẹ́rin. Oṣù 14 ni a fi kọ́ ohun tí àwọn tí ń lo àpáàdì mọ̀ láìlọ sí ilé-ìwé.

Nísinsìnyí, kí ni ó yẹ kí a ṣe? Àwa ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò ní ìdí ìṣọ̀kan. A mọ àáró, a mọ ọ̀wẹ̀, a mọ èsúsú. Ìyá tí kò mọ ìwé kà lè gba owó ogójì ènìyàn fún ọdún kan, kí ó sì kó o fún olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀ láìdín kọ́bọ̀. Kí ni ó dé tí a kò lè mú ọgbọ́n yìí wọ inú ọ̀rọ̀ iná? Ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá tí a ṣírò lókè yẹn, bí wọ́n bá fi owó epo oṣù díẹ̀ ṣe èsúsú, wọ́n lè ra sólà àti bátìrì kan tí yóò tó gbogbo wọn, tàbí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ó dára ní ipò mẹ́wàá tí kò dára. Kí wọ́n lọ bá oníṣòwò sólà mẹ́ta, kí wọ́n gba iye rẹ̀ ní àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì fi wé 9,360,000 náírà tí ń lọ ní ọdún kan.

Ìdí tí àjọtàn fi máa ń rọjú kò ṣòro láti mọ̀. Kì í ṣe wákàtí kan náà ni gbogbo ènìyàn ń lò ó: aránṣọ ń lọ aṣọ ní òwúrọ̀, ìyá ẹlẹ́ja ń lò ó ní ọ̀sán, onígbàjámọ̀ ń gbé tirẹ̀ sókè ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ohun tí yóò tó àwọn mẹ́wàá pọ̀ kò tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí yóò tó ẹnì kan. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ oòrùn. Ẹni tí ó dá ní sólà tirẹ̀, bátìrì rẹ̀ a kún ní ọ̀sán, ìyókù oòrùn a sì ṣòfò lórí òrùlé rẹ̀, nígbà tí yìnyín ìyá ẹlẹ́ja ń yọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀. Owó sólà ti wálẹ̀ gidigidi ní ọjà àgbáyé láti ọdún 2010 títí di ìsinsìnyí. Ohun tí ó jẹ́ ti olówó nìkan tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ẹgbẹ́ oníṣọ́ọ̀bù lè bá dọ́rẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe àlá ni a ń lá. Ní nǹkan bí ọdún 2018 sí 2019, ètò kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ mú iná àjọní wọ àwọn ọjà bíi Ariaria ní Aba, Sabon Gari ní Kano, àti Sura ní Èkó. Gáàsì ni wọ́n fi ṣe é ní Aba àti ní Èkó, oòrùn ni wọ́n fi ṣe é ní Kano. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ níbẹ̀ ni pé ọjà kan lè dá dúró ní iná láìdúró de okùn àpapọ̀, kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sì ní mítà tirẹ̀. Òfin iná tí a bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tún là á sílẹ̀ pé ìpínlẹ̀ lè ṣe iná kí ó sì pín in. Ní ọdún 2024, Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ láti máa ṣe àkóso ọjà iná tiwọn. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ béèrè ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ohun tí òfin wí, kí ó má baà fi owó ṣòfò.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní akápò yóò kó owó jẹ. Ó lè ṣẹlẹ̀. Kí a fi owó sí báńkì ní orúkọ ẹgbẹ́, kí ènìyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, kí a sì máa ka ìṣirò sí etí gbogbo ènìyàn ní ìparí oṣù. Wọn yóò ní ẹlòmíràn yóò máa lò ó láìsanwó. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí mítà wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan: ẹni tí kò bá san, iná rẹ̀ nìkan ni yóò kú. Ẹni tí ó sì ń fa wáyà ní òru láti yẹ mítà sílẹ̀, kí a pè é ní orúkọ rẹ̀. Olè ni. Kò jí ti ìjọba, kò jí ti ilé-iṣẹ́. Ti aládùúgbò rẹ̀ ni ó jí, nítorí pé ẹrù tí òun sọ̀ kalẹ̀ ni tíráńsífọ́mà àdúgbò fi ń jó.

Wọn yóò tún ní bí a bá ṣe é fún ara wa, ìjọba yóò sùn. Ọ̀rọ̀ yìí ní agbára. Ṣùgbọ́n kí a wò ó dáadáa: ta ni ìjọba lè tètè gbàgbé, ṣé ilé mẹ́rìnlá tí ó ní ẹ̀rọ mọ́kànlá, tí olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ni tàbí ẹgbẹ́ tí ó ní àkọsílẹ̀, tí ó mọ iye ẹyọ tí ó ń lò, tí ó sì lè fi ẹnu kan béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀? Ẹ̀rọ àdání ni ó pa ẹnu wa mọ́. Ìpàdé kẹrin wa ni ó fi yé wa.

Ní ìparí, kí a má ṣe gbàgbé ìṣọ́ra. Gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì ń jẹ ìlọ́po mẹ́fà oní-10 wáàtì, ìmọ́lẹ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí a lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí a pa fáànù bí a bá jáde, kí a má ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí ẹ̀gbẹ́ iná. Ẹni tí ó ń fi iná ṣòfò nínú àjọtàn, inú àwo tí gbogbo ènìyàn ti ń jẹun ni ó ń da iyanrìn sí.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti babalọ́jà, ẹ̀yin baálé ilé, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ oníṣọ́ọ̀bù, ẹ má ṣe dúró títí ọmọ ẹlòmíràn yóò fi lu ògiri tí ẹ kò ní gbọ́. Bí ẹ bá pàdé ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tó dá owó kankan, ẹ kọ́kọ́ kọ iye lítà tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń sun sílẹ̀, kí ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì kà á sókè. A dá a lójú pé iye náà nìkan yóò ṣe ìwàásù tí àwa kò lè ṣe. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

A dúró níbẹ̀ ná. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí iná ilé wa kú, kí ó má sì jẹ́ kí ó jó wa. Àmín.